Kí Ọdẹ Tó Wọ Oko, Ìyá Wa Á Pe Orúkọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí fóònù yín sinmi. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ túrùkú ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ igbó lásán ló yẹ kó máa lé àgbàlagbà kúrò lóko bàbá rẹ̀. Mi ò bá yín jà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n bí yín sí. Ẹran tí ẹ mọ̀ kò ní ẹsẹ̀, inú ìkòkò lẹ ti ń pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko Àṣàbí, àbúrò mi obìnrin, dé ni, lágbègbè Ìrẹsà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá kò tíì kúrò létí mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oko ṣe máa ń dún nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí orí ìró ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Oko ayé àtijọ́ kì í dákẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọkọ́ tó ń kan òkúta. Ẹ ó gbọ́ àdá lára igi, àti obìnrin tó ń fọ irú létí odò, àti ẹni tó ń kọrin fún ara rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹnìkan á sín lókè, ẹnìkan á kí i láti ìsàlẹ̀ láìrí ojú rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló wà tó máa ń mú kí gbogbo ìyókù dákẹ́: ohùn ọdẹ ní ẹnu oko.

Ọdẹ kì í ṣàdédé gbé ìbọn wọ oko olóko. Yóò dúró níbi tí ọ̀nà ti yà wọlé, yóò fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, yóò sì ké pé, “Onílẹ̀ o! Èmi Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dò ni mo dé o!” Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ bàbá rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà là ń wò ká tó gba oníbọn láyè. Bí bàbá mi bá mọ bàbá rẹ̀, á ní kó dúró díẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní, “Máa bá tìrẹ lọ, ọmọ èèyàn rere. Ẹran tó wà lóko mi, èmi ni mo ń sìn ín.” Irọ́ ni, gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni, ọdẹ náà mọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á sì lọ.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró kò ní gbẹ́sẹ̀ títí ìyá wa yóò fi pe oko. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn: pípe oko. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọdẹ pé báyìí la ṣe pọ̀ tó. Orúkọ ni wọ́n ń pè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ní ohùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lọ jìnnà bí okùn tí wọ́n ta láti igi kan dé òmíràn. Yóò gun orí ọ̀gán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà wa, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí rẹ̀: “Ráìmì! Jáde nínú ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ń ṣú o!”

Oòrùn lè wà láàárín orí, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. A bi í nígbà kan pé ilẹ̀ wo ló ń ṣú lọ́sàn-án gangan. Ó ní, “Ojú ẹni tó gbé ìbọn dání, ìgbà gbogbo ni ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀.”

Ráìmì, ẹ̀gbọ́n mi, á dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ èmi, lẹ́yìn mi Àṣàbí, lẹ́yìn Àṣàbí àwọn alágbàṣe. Ìdáhùn náà sì ní òfin tirẹ̀. A kì í jẹ́ “òo” lásán. Ta ló mọ ohun tó lè jẹ́ “òo” nínú igbó? Igi tó bá sún mọ́ ọ lo máa dárúkọ: “Mo wà nídìí igbá!” “Mo wà nídìí ẹmì!” Ọdẹ á wá mọ ibi tí èèyàn wà, á kọ ẹnu ìbọn sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ti dáhùn kò gbọdọ̀ kúrò nídìí igi yẹn títí ọdẹ á fi jáde. Mo rántí ìgbà tí mo dúró nídìí igbá tí ìjàlọ ń gun mí lẹ́sẹ̀ bọ̀. Mo ń jó, mo ń sunkún, mi ò kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà lóko kejì sí tiwa, Lámídì lorúkọ rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí ààlà ilẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọdẹ dé, ẹ̀gbọ́n gun orí àpáta, ó pe oko, ó pe Lámídì. Lámídì wà nínú iṣu, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wa ebè, ó sì gbọ́ dáadáa. Ó ní òun kò ní dáhùn, kí ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ wá bẹ òun ná. Títí ó fi kú ló ń tiro. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, “Ẹnu mi ló ṣe é. Mo pa á dé, ìbọn sì bá mi ṣí i.”

Kí ẹ má rò pé túrùkú kò sí nígbà yẹn. Wọ́n wà. Bí ọdún Ìléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo abà á ṣófo, kálukú á wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Aṣọ tuntun, ìrun ní yídì, ẹran sísun, a ò ní rántí oko rárá. Ìgbà tí a bá padà, ebè á ti dojú délẹ̀. Bàbá mi á dúró, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, “Wọ́n ti bá wa ṣọdún. Àwa pa àgbò, àwọn pa iṣu.” Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í fọwọ́ kan túrùkú. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á jìnnà sí i, wọ́n á wá ké sí àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà láàárín wọn pé, “Ó yá, ẹ wá gbé ẹrù yín!” Ẹ̀rín lá máa rín délé.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Àwọn tó pa òwe yẹn rò pé igbó jìnnà sí ìlú ni. Ẹ wo ayé òde òní: wọ́n ti gé igbó tán, wọ́n ti ta ilẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ̀, ẹran tó ń sá fún èèyàn kò rí ibi sá sí mọ́. Ó wá yíjú padà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ẹran. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ta ló fẹ́ ké orúkọ ara rẹ̀ nínú igbó lónìí? Ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo ayé. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ ohùn tí kò mọ̀, inú koríko ló máa wó sí, á di ẹnu rẹ̀ mú. Ọdẹ tó bá ké láti ẹnu oko kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Òun náà á wá rò pé oko ṣófo.

Ìyá wa ti kú tipẹ́. Ráìmì náà kú lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé rẹ̀ ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ọmọ àti aya lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn gbé èmi wá sí Ọ̀yọ́ títí mo fi darúgbó síbẹ̀. Àṣàbí nìkan ló kù sórí ilẹ̀ bàbá wa. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn. Ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń di gàrí, gàrí yẹn ló ń gbé lọ fún àwọn tó ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ló sì fi ń tọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Kò ní ọ̀nà mìíràn. Opó ni.

Bí ọyẹ́ tó kọjá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán.

“Bọ̀dá mi, wọ́n tún ti wá o. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wá báyìí, bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́.”

Mo lọ. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí oko tí ẹran jẹ, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Ẹran tí ebi ń pa á máa jẹ oko láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Àwọn wọ̀nyí fo ẹ̀gẹ́ tó dára, wọ́n tú ilẹ̀ síhìn-ín, wọ́n tú u sọ́hùn-ún, bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ já bọ́ tí ó ń wá a. Ipa ẹsẹ̀ wọn yí abà wa tó ti wó po. Wọ́n ti wa ilẹ̀ àárín abà náà títí wọ́n fi kan ààrò ìyá wa. Àwọn òkúta náà jókòó síta, eérú ṣì wà láàárín wọn, ó dúdú, ó tutù. Kò sí ẹyẹ kankan tó ń ké. Láti inú ẹ̀gẹ́ tó ṣù bolẹ̀ lẹ́yìn abà, mo ń gbọ́ ìró kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí àwọn ìyá arúgbó bá jókòó tí wọ́n ń jẹ obì láìsọ̀rọ̀.

“Ṣé o gbọ́ yẹn?” mo bi Àṣàbí.

“Ojoojúmọ́ ni. Mo máa ń lu agolo. Wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá dẹ́kun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé.”

“Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí àwọn ọdẹ wọlé?”

“Ọdẹ wo? Àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà kiri yẹn? Mo bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Ọ̀kan ní, ‘Màmá, ẹ fi bàbá wa sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ là ń wá.’ Ẹni tó ní kí n fi bàbá òun sílẹ̀, èmi ni màá wá mú un wọ oko bàbá tèmi?”

Ìgbà yẹn ni Díákónì dé, ọkùnrin Onítẹ̀bọmi tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ó ní kájú tó pọ̀ nígbà kan. Ó gba àwọn ọdẹ wọlé lọ́dún tó kọjá, wọ́n dáná sí igbó kí ẹran lè jáde, iná náà kò sì mọ ààlà.

“Alhájà, ẹ má gbọ́ tiwọn o,” ló wí. Àṣàbí kò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n orúkọ tí Díákónì fi ń pè é nìyẹn. “Ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n pa, kájú mi ni wọ́n fi sun ún.”

“Ẹ̀yin náà, Díákónì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́. Ẹ wá kó àwọn ẹran yín kúrò lóko mi.”

“Àwa kẹ̀? Ti ilé là ń jẹ. Ti igbó, òun ló ń jẹ wá.”

Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde kúrò lórí ebè tó jókòó lé. Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ìbọn fi dún láti ìhà ààlà. Ewé ẹ̀gẹ́ já sórí wa. Gbogbo wa dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké. Kò sẹ́ni tó dárúkọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lókèèrè tó ní, “Ó ti sá lọ!” A gbọ́ ọ̀kadà tó dún, ó sì jìnnà lọ.

Nígbà tí a dìde, kẹ́ẹ̀gì omi tí Àṣàbí gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ń jò. Ọta ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí Àṣàbí ti dìde gan-an ni.

Àṣàbí ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ń wo omi tó ń jò, ó ní, “Mo lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá ń yìn mí láti orí ògiri. Bí mo bá pa oko tì, ọmọ mi á kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bí mo bá dúró, wọ́n á pè mí ní túrùkú. Bọ̀dá mi, kí ni kí n ṣe?”

Mo kàn rántí pípe oko.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọdẹ àgbà kan ní Ìrẹsà, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Ọdẹ. Bàbá rẹ̀ àti bàbá wa mọ ara wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà yẹn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mi orí.

“Àwọn ọmọ yìí mọ ìbọn,” ó ní, “wọn ò mọ oko. Mo lè kó wọn wá. Ṣùgbọ́n ta ló ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pe oko?”

“Àṣàbí mọ̀ ọ́n. Etí rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.”

“Ṣé yóò jẹ́ kí a wọlé?”

Mo ní kó wá bi í fúnra rẹ̀. Ó wá. Wọ́n jọ jókòó pẹ́. Àṣàbí gbà. Ó ní kò sí iná dídá, kò sí ìbọn tó gbọ́dọ̀ dún kí òun tó pe oko tán, ibi tí ènìyàn bá sì ti dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjú ìbọn síbẹ̀. Baba Ọdẹ ní, “Bó ṣe wà látilẹ̀ náà nìyẹn.”

Ọjọ́ tí a dá pé, a kírun Alásárì tán kí wọ́n tó dé. Ọyẹ́ mú púpọ̀. Oòrùn wà lókè ṣùgbọ́n ó funfun bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú wa sì dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti inú omi. Baba Ọdẹ dúró ní ẹnu oko, ó fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, ó ké orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi ìgúnpá gbá ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Ọdẹ.

Àṣàbí gun orí ọ̀gán. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko lọ́jọ́ náà kò ju Díákónì àti Dòsú lọ, alágbàṣe rẹ̀ tó ti ilẹ̀ Sábẹ̀ wá.

“Díákónì o!”

“Mo wà nídìí kájú! Èyí tó ṣẹ́ kù!”

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Dòsú o!”

“Mo wà nídìí ẹmì!”

Àṣàbí dákẹ́. Baba Ọdẹ gbé ìbọn sókè. Mo rí ibi tó ń wò: ẹ̀gẹ́ tó ṣù lẹ́yìn abà tó wó, níbi tí ìró obì jíjẹ yẹn ti máa ń wá. Ewé ń mì níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, bí ẹran ṣe ń mì í. Ó mí sínú, ó sì dúró gbọn-in.

“Ráìmì! Jáde nínú ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ń ṣú o!”

Kò yà mí lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́. Mo rò ó pé ẹnu Àṣàbí ló ṣì í, pé ó ń pe oko bí ìyá wa ṣe ń pè é, tó wá já sí orúkọ ẹ̀gbọ́n wa. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Láti inú ẹ̀gẹ́ tó ṣù yẹn, ẹnìkan dáhùn.

“Òo!”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo èèyàn. Baba Ọdẹ rọra sọ ìbọn kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ohùn ọkùnrin ni. Kò dárúkọ igi. Ẹ̀gbọ́n mi Ráìmì, èmi ni mo dúró níwájú òkú rẹ̀ nígbà tí a kírun sí i lára.

“Ta nìyẹn?” Baba Ọdẹ ké. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Bí o bá jẹ́ èèyàn, dárúkọ bàbá rẹ!”

Kò sí ìdáhùn. Ewé tún mì. Nǹkan kan ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń fà, ó ń dúró, ó tún ń fà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tí ọ̀kadà wà. Ìgbà náà ni orí kan yọ láàárín igi ẹ̀gẹ́, tòun ti eruku, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ń wọ́ ìbọn.

“Ọmọ Jímọ̀ ni mí!” ó ń sunkún. “Ọmọ Jímọ̀ alágbẹ̀dẹ! Bàbá, ẹ má yìn mí!”

Ọ̀kan nínú wọn ni. Ó ti gba ẹ̀yìn odò wọlé kí àwọn yòókù tó dé, kó lè jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ pa ẹran. Ó rò pé ẹ̀rù ìbọn ló ń jẹ́ kí àwọn àgbà máa pariwo orúkọ. Nígbà tí wọ́n ń pe Díákónì àti Dòsú, ó lúgọ, ó pa ẹnu mọ́.

“Kí ló wá jẹ́ kí o dáhùn?” mo bi í.

“Wọ́n pè mí, sà. Èmi ni Ráìmì.” Ó yíjú sí Àṣàbí. “Màmá, ta ló sọ orúkọ mi fún yín?”

Àṣàbí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán.

“Mo pe Díákónì,” ó ní. “Mo pe Dòsú. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò pe ẹlòmíràn.”

Mo jókòó ti àwọn tó wà níbẹ̀, mo bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó túká. Baba Ọdẹ ní ohùn obìnrin ni, orí ọ̀gán ló ti wá, òun kò sì wo ẹnu ẹnikẹ́ni, ewé lòun ń wò. Díákónì ní rárá, kì í ṣe orí ọ̀gán: “Inú abà tó wó yẹn ni mo ti gbọ́ ọ, àfi bí etí mi bá ń purọ́ fún mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí ẹ tó gbọ́ ‘òo’.” Dòsú ní lẹ́yìn orúkọ òun, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ Jímọ̀ ní, “Ó pè mí bí ìyá ẹni ṣe ń pe èèyàn. Ó ní ilẹ̀ ń ṣú. Mo wòkè, mo rí oòrùn, mo sì dáhùn kí n tó mọ̀.”

Èmi náà ń kọ́? Mo mọ ohùn. Ohùn Àṣàbí àti ti ìyá wa jọra. Àwọn àlejò kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹnu a sì máa rántí ohun tí ọkàn ti gbàgbé. Bí ẹ bá ní kí n búra, ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n búra.

Wọ́n pa túrùkú kan kí oòrùn tó wọ̀, abo ńlá kan. Ìyókù gba ìhà odò lọ. Àwọn Onítẹ̀bọmi ló gbé e, Díákónì ló kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tó ní òun ń gba owó kájú òun díẹ̀díẹ̀. Oko sinmi fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó kù gbèrú. Àbíkẹ́yìn Àṣàbí ṣì wà nílé ẹ̀kọ́.

Àwọn túrùkú padà, wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa tán. Àwọn ọdẹ náà ń padà. Àṣàbí kì í gbà wọ́n wọlé bí kò bá mọ bàbá wọn, bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, á tún bi wọ́n ní ti ìyá. Ọmọ Jímọ̀ ló ń lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn báyìí bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé.

Ní ìjẹta tí mo wà níbẹ̀, wọ́n tún wá. Baba Ọdẹ ké. Àṣàbí gun orí ọ̀gán, ó pe Díákónì, ó pe Dòsú, ó pe èmi náà nítorí mo wà nídìí igbá. A dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Àṣàbí gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì yíjú sí abà tó wó. Àwọn ọdẹ dorí ìbọn kodò. Kò sẹ́ni tó mira. A dúró bẹ́ẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́, Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi, a tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan tún kù tí wọ́n máa pè.

A dúró pẹ́. Kò sẹ́ni tó pè.

Baba Ọdẹ wo Àṣàbí, ó wò mí, ó ní, “Ó dà bíi pé a pé.”

Àṣàbí yọ ọwọ́ lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ wọlé.”